Dúdú Inú Àká Ìjan

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà 2025

Ìwé tuntun. Ìwé iṣẹ́ mi ti kún fún òǹkà: gígùn, ìbú, ìwọ̀n ọ̀rinrin. Ohun tí kò ṣeé kọ síbẹ̀ ni n óò máa kọ síbí.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni àká Ìjan. Ilé amọ̀ gbọọrọ ni, ìyẹ̀wù mẹ́sàn-án lórí ìlà kan ṣoṣo. Ilẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀: igi ni wọ́n tẹ́, ó ga tó orúnkún, àlàfo sì wà láàárín igi kan àti èkejì. Wọ́n gbẹ́ 1949 sára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà. Àgbàdo, erèé àti irúgbìn ni wọ́n ń kó sí i de oṣù tí oúnjẹ bá wọ́n. Láti 1979, kò sí hóró kan níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò ló pè mí. Kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ bóyá ó ṣeé tún ṣe. Bí ó bá ṣeé tún ṣe, wọn óò sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, wọn óò wó o, wọn óò kọ́ gbọ̀ngàn oníbílọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ìpàdé ìpinnu: Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí.

Àṣírí kan: mo ti ya àwòrán ilé ìkàwé náà tán kí wọ́n tó pè mí. Oṣù méjì ni mo fi yà á, gbogbo pẹpẹ ìwé, gbogbo fèrèsé. Ọlálérè ọkọ mi ní mo dà bí ẹni tó rán aṣọ ìkómọ kí ó tó lóyún.

Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Láti Òkè-Ìlá ní Adó dé Ìjan, aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀. Alàgbà Ajíbádé, alága ẹgbẹ́, ló dúró dè mí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ga bí òpó, pẹ́ẹ̀nì méjì lápò àyà. Ó ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Ọ̀gá Àgbà ni n óò máa pè é níbí.

Bírikìlà wọn, Akínbọ́lá, wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí mo sọ tí kò kọ́kọ́ dáhùn pé "kò lè ṣeé ṣe" — lẹ́yìn náà ni yóò ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Kòlèṣeéṣe. Òun náà ti sọ mí lórúkọ: Dókítà Ilé.

Àká fúnra rẹ̀ ni Arúgbóṣoge. Ní 1988, nígbà tí àlejò ńlá kan ń bọ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀ kí ó lè dà bí ilé ọlọ́lá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, òun náà ló sì ń pa á. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń mí in jáde. Bí o bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, ó dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù nílọ́ọ̀nù nínú oòrùn: òógùn kò rí ọ̀nà lọ. Mo ṣàlàyé èyí fún Akínbọ́lá. Ó ní sìmẹ́ǹtì kì í pa ilé. Mo kan ògiri, ó dún bí ìkòkò òfìfo, abala kan já bọ́, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó tẹ ìka bọ̀ ọ́, kò sì sọ pé kò lè ṣeé ṣe, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́gun.

Inú àká dúdú. Ògiri, ilẹ̀ igi, àjà, gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àkàbà tí wọ́n mú wá kúrú, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo igi àjà láti ìsàlẹ̀. Mo béèrè ohun tó dú u. Ọ̀gá Àgbà ní iná Wẹ́tíẹ̀ ni, ìjà òṣèlú 1965, nígbà tí wọ́n ń da epo sí ilé ara wọn tí wọ́n ń ṣáná sí i. Òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, àmọ́ bàbá òun ló sọ fún òun. Ọkùnrin mẹ́rin mìíràn tó jókòó lábẹ́ igi ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn bàbá tàwọn náà sọ bẹ́ẹ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ. Ojú ewé mẹ́rin, kò sí àṣìkọ kankan. Mo sun oorun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá Àgbà pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ẹ ṣeun, ọmọ mi, iṣẹ́ yín mọ́, a ti kà á. Pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti kọ ọ́ fúnra mi pé iná ti jó igi àjà, ẹgbẹ́ kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ igi tó ti jóná. Pé ìpàdé ọjọ́ kejìlélógún, kí wọ́n kàn buwọ́ lù ú ló kù. Wọn óò wó o kí òjò tó dé.

Mo ṣí ìjábọ̀ mi. Ó wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kejì: *Iná jó igi àjà ní 1965.* Kì í ṣe "wọ́n ní". Kì í ṣe "ó jọ bí ẹni pé". Igi tí ọwọ́ mi kò kàn.

Ogún ọdún ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní àtúnṣe ilé àtijọ́ pé kí wọ́n má ṣe kọ ohun tí wọn kò fọwọ́ kàn.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Mo gbé àkàbà gígùn láti Adó lórí ọkọ̀ Ọlálérè. Ó ní kí n má gbàgbé pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Mo gun àjà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí n óò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Igi tí iná jó máa ń là ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí awọ ọ̀nì. Etí rẹ̀ máa ń yípo, nítorí etí ni iná kọ́kọ́ ń jẹ. Bí o bá fi ọ̀bẹ ha á, èédú ni, wàá sì ha á títí kí o tó bá igi. Igi Arúgbóṣoge kò là. Etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Àmì àáké ẹni tó là á ní 1949 ṣì wà lára rẹ̀, mo fi ìka tọ̀ ọ́. Mo ha á: dúdú náà kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ, abẹ́ rẹ̀ pọ́n ròrò. Igi àyán. Mo fi abẹ́rẹ́ irin gún un, kò wọlé. Ikán kò tọ́ ọ wò ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Iná kò jó o. Èéfín ni. Èéfín ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀díẹ̀, tó lé gbogbo kòkòrò lọ.

Ṣùgbọ́n èéfín kí ni? Mo sọ̀ kalẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin mẹ́fà. Kò sí ẹni tó mọ̀. Akínbọ́lá ní ẹni bá rí èéfín ló rí iná, kí ni mo ń bá ara mi jà fún. Bí mi ò bá lè sọ ibi tí èéfín ti wá, ọ̀rọ̀ bàbá Ọ̀gá Àgbà ló máa borí.

Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ìwàásù. Igi àjà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń wò.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Òní. Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Mo wà ní ìdí ògiri, mo ń wọn ọ̀rinrin. Ìyá àgbà kan ń kọjá, ọ̀pá lọ́wọ́, abọ́ ata lórí. Ó dúró, ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí ni mo ń fi ẹ̀rọ gbọ́ lára ògiri, ṣé ó lóyún ni?

Màmá Mosúnmọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mo ní mo ń wá ohun tó dú inú àká, pé wọ́n ní iná ni.

"Ta ni ẹ bi?"

Mo ní àwọn àgbà ìlú.

"Àgbà ọkùnrin."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ẹ wá bi ọkùnrin léèrè ohun tó wà nínú àká." Ó sọ abọ́ ata kalẹ̀ kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ṣé ọkùnrin ti rí inú rẹ̀ rí ni?"

Ó ń pe iná ní *uná*, ó ń pe igi ní *ugi*, bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń pè é. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin ló ni àká. Àwọn ọkùnrin ló gé igi, lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin ló gbẹ́ amọ̀, obìnrin ló pò ó, obìnrin ló ń kó àgbàdo sí i. Ní ọrọọrún, ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, tí àwọn ọkùnrin bá wà ní àhéré, wọn a dáná sábẹ́ ilẹ̀ igi. Ẹnu ààrò mẹ́ta ló wà ní ìdí ògiri. Ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń fi dá a, wọn a tẹ́ ewé efinrin tútù lé e kí ó má baà ràn. Iná tí kò gbọdọ̀ jó, èéfín nìkan. Yóò gba àlàfo ilẹ̀ gòkè, yóò gba inú àgbàdo kọjá, yóò bá abẹ́ òrùlé jáde. Kòkòrò a sá. Àgbàdo a gbẹ.

Àlàfo ilẹ̀! Nínú ìjábọ̀ mi, mo kọ ọ́ pé nítorí eku ni.

Mo béèrè ìdí tí gbogbo ọkùnrin fi ní Wẹ́tíẹ̀ ló jó o. Ó gbé abọ́ rẹ̀ padà sórí. Ó ní ìyẹn ní ìdí rẹ̀, òun ó sì sọ ọ́ níwájú ẹni tó lọ̀rọ̀.

Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Mo ní kí Akínbọ́lá gbẹ́ ìdí ògiri, níbi tí Màmá fi ọ̀pá tọ́ka sí. Ó ní kò lè sí nǹkan kan níbẹ̀, òun fúnra òun wà lára àwọn tó rẹ́ sìmẹ́ǹtì síbẹ̀ ní 1988, ọmọ iṣẹ́ ni òun nígbà náà, òun ò rí ihò kankan.

Ó gbẹ́ ẹ. Ní ìwọ̀n apá kan sísàlẹ̀, irin rẹ̀ wọlé fìrì. Ẹnu ààrò, òkúta mẹ́ta tí wọ́n to rẹ́gí, eérú ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùkù àgbàdo kan tó ti di èédú, odindi.

Ó mú un lọ́wọ́, ó yí i po. Ó ní, "Dókítà, ọwọ́ mi yìí ló dí i." Lẹ́yìn náà ló wá gbẹ́ méjì tó kù láìsí ẹni tó ní kó gbẹ́ wọn. Nígbà tó rí ẹ̀kẹta, ó jó díẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Ajé, 17 Ẹrẹ́nà

Ìjábọ̀ kejì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ló pẹ́ jù lọ láti kọ: *Mo ṣe àṣìṣe nínú ìjábọ̀ mi ti ọjọ́ kẹrin oṣù yìí.* Ìyókù ṣàn bí omi.

Ọ̀gá Àgbà pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò pe Màmá ní onírọ́, ṣùgbọ́n bàbá òun kì í parọ́, ó sì sọ fún òun lẹ́nu ara rẹ̀ pé àká jóná. "Èwo nínú wọn ni kí n máàkì ní 'kò tọ̀nà'?" Ó ní bí mo bá ní ohun tí ojú gbogbo ènìyàn lè rí, kí n mú un wá lọ́jọ́ kejìlélógún. Bí kò bá sí, kátápílà ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Ọjọ́rú, 19 Ẹrẹ́nà

Màmá ní òun ó dáná.

Ní ìpàdé. Níwájú gbogbo wọn.

Mo ní mà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán an wò. Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń kọ́kọ́ dán àdúrà wò ni?"

Bí èéfín kò bá gòkè, ó parí. Bí iná bá ràn, tí ó mú ilẹ̀ igi, ó parí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akínbọ́lá ti yọ sìmẹ́ǹtì tó dí àwọn ihò abẹ́ òrùlé, ogún ihò, ó kà wọ́n fún mi bí ẹni ń ka ọmọ rẹ̀. Garawa omi mẹ́wàá. Ọlálérè ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Mo ní kó má wá. Ó ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá jókòó lórí àga, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Màmá dé pẹ̀lú ìyá àgbà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbọ̀n ṣùkù. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi jókòó tì ààrò. Ọ̀gá Àgbà dìde, ó fẹ́ ka ètò ìpàdé. Màmá ní kó jókòó, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n to ṣùkù. Wọ́n ṣáná. Ọwọ́ iná kan yọ, mo di garawa mú. Ọ̀kan nínú wọn kàn ju efinrin lé e, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó fẹ́ sunkún. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ẹnìkan lórí àga wúkọ́. Akínbọ́lá ti ń sọ lábẹ́ ahọ́n pé kò lè ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn náà èéfín yọ jáde lábẹ́ òrùlé. Ihò kan. Méjì. Gbogbo ogún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àdúgbò ń rùn bí efinrin. Akínbọ́lá ń fi ìka kà wọ́n sókè. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ igi, kò gbóná ju ara ènìyàn lọ. Arúgbóṣoge ń mí.

Ọ̀gá Àgbà dìde. Ó rìn yí àká ká lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Màmá, kí ló wá dé tí bàbá mi fi ní ó jóná?"

Màmá ní kí wọ́n gbé àga wá fún un ná, nítorí ó lè ṣubú.

Ó ní lọ́dún Wẹ́tíẹ̀, àwọn jàǹdùkú ń ti ìlú dé ìlú, wọ́n ń wá oúnjẹ. Àká kún. Lọ́jọ́ kan tí àwọn obìnrin dáná, èéfín ń rú, obìnrin kan bọ́ sí títì, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń ké pé wọ́n ti sun àká, ẹ gbà wá. Àwọn jàǹdùkú gbọ́, wọ́n yà sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọkọ gbọ́ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin wá rí i pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. "Ọkọ tó bá gbà pé àká ti jóná kò ní ta àgbàdo inú rẹ̀ fi gbàlejò." Wọ́n bá pa ẹnu mọ́. Àgbàdo náà ni gbogbo ilé jẹ títí ìjà fi parí, ilé ẹgbẹ́ òṣèlú yìí àti ti ọ̀hún. Wọ́n sọ fún àwọn ọkọ pé ará ìlú mìíràn ló fi ránṣẹ́.

"Ta ni obìnrin tó ń ké náà?"

"Ìyá rẹ ni. Ta tún ni ohùn rẹ̀ lè dé Adó?"

Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Ó ní, "Bàbá mi kú ní 1991. Ó kú, kò mọ̀." Màmá ní kí ló fẹ́ kó fi ṣe, ṣebí ó yó.

Nígbà tí wọ́n ní kí a dìbò, Ọ̀gá Àgbà ti ìwé náà sẹ́yìn. Ó ní èèyàn kì í dìbò lórí ẹrù ẹlẹ́rù. Àwọn ìyá ló ni àká. Kí wọ́n lọ gbìmọ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ́. Ọwọ́ mọ́kànlá ló nà sókè. Kátápílà, kó padà síbi tó ti wá.

Ọlálérè ń rùn bí efinrin ní gbogbo ọ̀nà Adó. Ó ní òun gbé àkàbà padà tọkàntọkàn.

Ajé, 24 Ẹrẹ́nà

Mo yọ àwòrán ilé ìkàwé jáde, mo tún un wò. Ó dára. Mo fi pẹpẹ méjì kún un.

Ọjọ́bọ̀, 27 Ẹrẹ́nà

Màmá pè mí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló di fóònù mú fún un, nítorí náà Màmá ń pariwo kí n lè gbọ́.

Ó ní àwọn ti gbìmọ̀. Ó ní kí n kú iṣẹ́, kí Olúwa bù kún ọpọlọ mi. Ó ní àwọn kò fẹ́ ilé ìkàwé.

Àká ni wọ́n fẹ́.

Ó ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ní yàrá ìwé, kí àwọn ọkùnrin lọ kun ìyẹn ní ọ̀dà. Ó ní irúgbìn tí àwọn rà lọ́dún tó kọjá, ìdajì rẹ̀ kò hù. Ó ní oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí erèé báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn láti sè fún ọmọ. Ìyẹ̀wù mẹ́sàn-án: mẹ́ta fún irúgbìn, mẹ́fà fún jíjẹ.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mi. Oṣù méjì. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí tó ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lẹ́rìn-ín. Kí ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Pé iṣẹ́ tó yẹ ilé àtijọ́ jù ni èyí tó súnmọ́ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ogún ọdún ni mo ti ń sọ ọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo mú ìwé funfun mìíràn. Mo bi Màmá bí àgbàdo ṣe máa ń ga tó nínú ìyẹ̀wù kan, ibi tí ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù máa ń ṣí sí, iye ènìyàn tó ń wà nídìí ààrò kan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ fún mi. Wákàtí kan gbáko.

Ní ìparí ó ní ààrò mẹ́ta ló wà, àwọn méje ló kù, egungun sì ti ń dun mẹ́rin nínú wọn. Nítorí náà wọ́n ti fi orúkọ mi sí ààrò àárín, ọrọọrún, láti ọjọ́ tí àgbàdo tuntun bá wọlé.

Mo ní mà, mi ò mọ̀ ọ́n dá.

Mo ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lára ògiri pálọ̀ wa. Kò sí èyí tó kọ́ mi bí a ṣe ń dá iná tí kò gbọdọ̀ jó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Kò burú. Ọdún kan la fi ń kọ́ ọ. Wọn kì í fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí."